Wáyà Gígùn àti Abọ́ Ìyá Mọ́rèn

Inú mi dùn pé Mọ́rèn ṣubú. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn síta, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé àánú rẹ̀ ló ń ṣe mí tí mo fi jókòó tì yín. Bí ọjọ́ náà bá tún padà wá lọ́la, ohun tí mo ṣe náà ni n ó tún ṣe. Ohun tó ń dà mí láàmú wà lórí tábìlì ilé ìdáná mi báyìí: abọ́ aláwọ̀ ewé kan tó ní ìdérí. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti nù ún gbẹ, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kọ̀, kò gbé mi lọ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ta ló ni ín? Ìyá tó bí Mọ́rèn ni. Ìyá kan náà ló sì tọ́ mi dàgbà.

Agboolé kan náà ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni èmi àti Mọ́rèn ti dàgbà. Ìyá tèmi kú nígbà tí mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Ìyá Mọ́rèn, tí wọ́n ń ta ẹ̀wà àti gàrí ní Èbúté Èrò, sì fà mí mọ́ra. Mo ju Mọ́rèn lọ díẹ̀. Àǹtí ló ń pè mí. Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tí Màmá bá ti ọjà dé, wọn a se mọ́ínmọ́ín eléwé, wọn a mú tèmi sọ́tọ̀ sínú abọ́ yìí, odidi ẹyin kan nínú rẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ pé mi ò fẹ́ràn ẹyin tí a gé sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí mo lọ kọ́ físíìsì ní yunifásítì, abọ́ náà ń wá bá mi. Nígbà tí mo gba ilé tèmi, kò yé wá. Èmi ni mo ran Mọ́rèn lọ́wọ́ tí òun náà fi kọ́ ìmọ̀ kan náà, èmi ni mo sì mú un wọ ilé iṣẹ́ wa.

Iṣẹ́ wa ni yíyẹ mítà iná wò, nínú ilé alájà kan lẹ́bàá Màrínà. Iná tó ń wọ ilé yín kì í dúró lójú kan. Ó ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń yí padà gba ọ̀nà òdìkejì, láìsinmi. Mítà ló ń sọ bí fólítéèjì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń tì í lọ, ṣe pọ̀ tó. Ta ló wá ń yẹ mítà wò? Mítà mìíràn tó dára jù ú lọ. Ta ló ń yẹ ìyẹn náà wò? Bí ẹ bá ń béèrè lọ báyìí, ẹ ó dé ọ̀dọ̀ wa, níbi tí ìbéèrè náà ti parí. Ohun pẹlẹbẹ kékeré kan wà lọ́wọ́ wa, kò ju èékánná lọ, inú òtútù tó le ju ti yìnyín lọ fíìfíì ló ń gbé. Bí a bá ti rán ìgbì bíi ti rédíò sí i, fólítéèjì tó máa gbé jáde kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é mọ́. Òfin ìṣẹ̀dá, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kúáńtọ̀mù, ló pàṣẹ rẹ̀. Kì í gbó, kì í purọ́. Iye tó bá sọ ní Èkó náà ló máa sọ níbikíbi láyé.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé pẹlẹbẹ yìí dà bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn: láti orí ìgbésẹ̀ kan ló ń bọ́ sí òmíràn, nígbà tí iná tí a fẹ́ wọ̀n ń lọ geere bí omi ọ̀sà. A máa ń to àwọn ìgbésẹ̀ náà kí wọ́n fara jọ ìrìn iná ọ̀hún, a ó gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ìyàtọ̀ kékeré tó wà láàárín wọn nìkan la ó sì wọ̀n. Èmi tí mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ láti kékeré, mi ò tíì pàdé èyí tó dùn tó o! Bí iná bá ṣe ń bọ́ láti orí ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, ó máa ń gbọ̀n díẹ̀, bí ọkọ̀ ojú omi ṣe máa ń mì nígbà tí èèyàn bá fò bọ́ sínú rẹ̀. Ohunkóhun tí a bá kà nígbà tó ń gbọ̀n, dídànù ni. Báwo ni èèyàn ṣe máa mọ ìwọ̀n tó yẹ kí ó dànù? Èmi ni mo jókòó tì í títí mo fi rí i. Mo sì rí ohun kejì mọ́ ọn: bí wáyà tó so pẹlẹbẹ náà mọ́ ẹ̀rọ ìwọ̀n bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni gbígbọ̀n náà ṣe máa ń pẹ́ tó. Ẹni tó bá pààrọ̀ wáyà gbọ́dọ̀ tún ìwọ̀n ìdànù rẹ̀ ṣe. Mo kọ́ Mọ́rèn ní apá kìíní. Kò dúró gbọ́ apá kejì.

Ọ̀gá wa pe ìpàdé láti gbọ́ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Kí n tó ya ẹnu, Mọ́rèn ti dìde, ó ti ń ṣàlàyé ọ̀nà tuntun tí òun ronú kàn. Òun! Ọ̀gá yíjú sí mi, ó bi mí pé kí ni ipa tèmi nínú rẹ̀. Mọ́rèn ló dáhùn.

“Ọ̀gá, ẹ fi àǹtí mi sílẹ̀ jàre. Wáyà ni wọ́n mọ̀ ọ́n so. Bí ẹ bá ní wáyà tó já, wọ́n á bá yín so ó.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ ọ́ di olórí yàrá ìwọ̀n, tí wọ́n sì gbé mi lọ sí ìsàlẹ̀, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń gba mítà lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tí mo dá a dúró lórí àtẹ̀gùn láti bi í léèrè, ó ní, “Àǹtí mi, ẹ má bínú. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kì í sọ̀rọ̀ nípàdé.” Mo ní kò burú. Láti ọjọ́ náà, mo pinnu pé n kò ní í sọ̀rọ̀ mọ́.

Mọ́rèn fẹ́ yàrá onígíláàsì tí àlejò á ti máa wo òun bí òun ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tó ń mú pẹlẹbẹ náà tutù ń pariwo, kò ṣeé gbé síbẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n fa wáyà láti ibẹ̀ wá sí yàrá tuntun. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mò ń wo wáyà dúdú náà bó ṣe ń kọjá lókè fèrèsé, gbọọrọ, gbọọrọ. Mo mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó fà á dé ògiri kejì. Mo yíjú sí oníbàárà tó wà níwájú mi, mo kí i dáadáa, mo gba mítà rẹ̀.

Àwọn olùyẹ̀wò wá láti ìlú òkèèrè. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló mọ iye tó wà nínú rẹ̀. Mọ́rèn wọ̀n ọ́n. Kò bá a mu. Ó tún un wọ̀n. Kò bá a mu síbẹ̀. Ó dá jẹnẹrétọ̀ lẹ́bi, ó pààrọ̀ kọ̀ǹpútà, ó pààrọ̀ ẹ̀rọ ìwọ̀n. Gbogbo nǹkan ló fura sí àfi wáyà. Àwọn olùyẹ̀wò ní àwọn á padà wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó.

Ìgbà náà ni Màmá fẹsẹ̀ ara wọn wá sí ilé mi, abọ́ lọ́wọ́.

“Ọmọ mi, àbúrò ẹ ò jẹun mọ́. Ó ní ẹ̀rọ kan ń purọ́ mọ́ òun. Ìwọ tó o mọ̀wé jù ú lọ, ṣé o mọ ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ ọ̀hún?”

“Mi ò mọ̀, Màmá.”

“O ò mọ̀?”

“Mi ò mọ̀ rárá.”

Wọ́n mi orí. “Kò burú. Bó o bá mọ̀, wàá ti sọ fún mi. Mo mọ̀ ẹ́.” Wọ́n ṣí abọ́ náà, wọ́n jókòó tì mí títí mo fi jẹun tán.

Àwọn olùyẹ̀wò padà wá, Mọ́rèn sì tún kùnà. Ọ̀gá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ lójú gbogbo wa. Bó ṣe ń gbé ẹrù rẹ̀ kọjá níwájú tábìlì mi, mo pè é jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. “Mọ́rèn, ṣé kò sí wáyà kankan tó o fẹ́ kí n bá ẹ so?” Ó dúró. Ojú rẹ̀ gòkè lọ sí wáyà tó wà lókè fèrèsé, ó tẹ̀ lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo rí i bó ṣe ń yé e. Mo ti ń dúró de ojú yẹn tipẹ́, mo sì wò ó tẹ́rùn. Lọ́jọ́ tí wọ́n dá mi padà sí yàrá ìwọ̀n, mo gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú pẹlẹbẹ náà tutù, mo sì gé wáyà náà kúrú. Iye tí mo rí lára ẹ̀rọ àwọn olùyẹ̀wò bá èyí tí wọ́n wá sọ fún wa mu rẹ́gí.

Ó dájú pé Mọ́rèn ti ro gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Mo ti to èsì mi sílẹ̀. Bí Màmá bá bú mi, mo mọ ohun tí n ó sọ. Bí wọ́n bá sunkún, mo mọ ohun tí n ó sọ. Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ dé, wọn ò wá fúnra wọn, ṣùgbọ́n aládùúgbò wọn kan gbé abọ́ aláwọ̀ ewé wá. Mo bi í pé kí ni Màmá ní kí ó sọ fún mi. Ó ní wọn ò sọ nǹkan kan. Mo ṣí i. Mọ́ínmọ́ín náà ṣì ń gbóná. Odidi ni ẹyin inú rẹ̀.

Mo ti yẹ abọ́ yìí wò láti gbogbo ọ̀nà tí mo fi ń yẹ nǹkan wò. Ṣé ìdáríjì ni? Ṣé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ mí? Ṣé ọjọ́ Jímọ́ọ̀ ló kàn pé, tí wọ́n sì se é bí wọ́n ṣe máa ń se é? Mi ò mọ̀, òótọ́ sì ni lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe ní kí n lọ bẹ Mọ́rèn. Mi ò ní í bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ní agboolé wa, a kì í dá abọ́ padà lófìfo. Iyọ̀ díẹ̀ ni o, ṣúgà díẹ̀ ni o, a gbọ́dọ̀ fi nǹkan sí i. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyá ọlọ́mọ, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n fi sínú èyí?