Iṣẹ́ Tí Ìyá Ọkọ Mi Rán Mi, Tí Mo Jẹ́ Sódì

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá mi lẹ́jọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi fún ọdún márùn-ún. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀, mi ò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí a kì í fi nǹkan pa mọ́ fúnra wa. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ọkọ mi ń bọ̀ ní Sátidé. Tó bá dé, tí òun àti ìyá rẹ̀ bá jókòó sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, àṣírí mi ti tú nìyẹn.

Mo parọ́ mọ́ ìyá ọkọ mi. Mo tún parọ́ mọ́ ọkọ mi fún ìyá rẹ̀. Irọ́ méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀rí ọkàn ò sì dá mi dúró.

Ìyá ọkọ mi, Mummy ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti wà ní London láti ìgbà tí wọ́n ti wà lọ́mọge. Thamesmead ni wọ́n ń gbé, wọn ò jìnnà sí Tavy Bridge, láti ìgbà tí wọn ò tíì wó àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ láti kọ́ tuntun. Iṣẹ́ gbígbálẹ̀ ọ́fíìsì ni wọ́n fi tọ́ Káyọ̀dé ọkọ mi, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, torí ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú.

Woolwich ni wọ́n bí Káyọ̀dé sí. Ó gbọ́ Yorùbá o, ṣùgbọ́n Yorùbá "wá jẹun" àti "lọ sùn" ni. "Ìwọ" ló máa ń pe ìyá rẹ̀, kò sì mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Òyìnbó Mummy náà, ti ibi iṣẹ́ àti ti ọjà ni. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oúnjẹ tàbí ọ̀rọ̀ òjò, wọ́n á bára wọn sọ ọ́. Tí ọ̀rọ̀ bá ti wúwo, èmi ni wọ́n á pè.

Èmi tí mo fi visa akẹ́kọ̀ọ́ wá láti Ìbàdàn, tí mo pàdé Káyọ̀dé ní church, èmi ni mo wá di ẹnu Mummy sí ọmọ wọn. Mummy á ní, "Ìyàwó mi, bá mi sọ fún ọkọ ẹ," wọ́n á wá fi òwe méjì lé e. Èmi á tú u sí Òyìnbó fún Káyọ̀dé, yóò máa rẹ́rìn-ín, á ní ṣé bí Mummy ṣe sọ ọ́ nìyẹn lóòótọ́. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Mi ò ní purọ́ fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé irọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. Ó ń jẹ́ kí n mọ̀ pé mo wúlò nílé yẹn.

Nígbà tí Káyọ̀dé gba oyè dókítà nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ oko, ó wá iṣẹ́ olùkọ́ káàkiri London, kò rí. Ibi tí wọ́n ti wá dá a lóhùn ni kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Iowa, láàárín gbùngbùn Amẹ́ríkà. Ìlú náà kéré tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé, àwọn tó kù ò lè kún church wa. Ó fi fídíò rẹ̀ hàn mí. Ilé onígi funfun kan, ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú rẹ̀, oko àgbàdo lẹ́yìn rẹ̀ títí lọ. Ṣe ni mo ní kó tún gbé e kí n wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú kó yé yín. Nígbà yẹn, èmi, Káyọ̀dé àti Tèmi ọmọ wa, inú yàrá kan ni a wà nínú flat Mummy. Iṣẹ́ care ni mò ń ṣe ní Plumstead. Tí mo bá wẹ àwọn arúgbó ẹlòmíì tán, màá délé wá se ọbẹ̀ bí Mummy ṣe ń fẹ́ ẹ. Tí mo bá ra ẹja ní ọjà Woolwich, kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, auntie kan ti pe Mummy pé ẹja tí mo rà kéré. Ní church, gbogbo wọn ń wo ikùn mi, wọ́n ń bi mí pé ọmọ kejì dà. Mummy ò ṣe ibi kankan sí mi o. Wọn kì í ṣe ìyá ọkọ burúkú rárá. Ó kàn ti sú mi láti máa jẹ́ ìyàwó gbogbo ayé láti òwúrọ̀ dalẹ́ ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, Káyọ̀dé mú Tèmi lọ wo àwọn pẹ́pẹ́yẹ ní adágún omi tó wà lẹ́bàá ilé wa. Mummy ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Wọn ò gbójú sókè tí wọ́n fi sọ ọ́.

"Ìyàwó mi, bá mi sọ fún ọkọ ẹ kó dúró dè mí. Mi ò ní kó má lọ láéláé o. Kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi ayé sílẹ̀ ná. Ẹ̀rù àtidágbé ń bà mí."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò sọ ọ́ fún un fúnra wọn. Wọ́n ní kò yẹ kí ẹnu ìyá dí ọmọ lọ́nà, pé tí wọ́n bá sọ ọ́ lójúkojú, tí nǹkan ò wá dáa fún un lẹ́yìn ọ̀la, wọn ò ní lè dárí ji ara wọn. Wọ́n ní kí n rọra sọ ọ́ bí ìyàwó ṣe ń bá ọkọ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo kúkú gbọ́n, bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Mo ní ó dáa, Mummy. Mo wọ bàtà mi, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a lẹ́bàá omi.

Lóòótọ́, mo fẹ́ jẹ́ iṣẹ́ yẹn bí wọ́n ṣe rán mi. Ẹ gbà mí gbọ́, ẹ jọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n bí Káyọ̀dé ṣe rí mi, ojú rẹ̀ ti ń bi mí léèrè kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹnu mi wá sọ nǹkan míì. Mo sọ fún un ní Òyìnbó pé Mummy ní kó máa lọ, pé wọ́n ti gbàdúrà sí i.

Ọkọ mi jókòó sórí bẹ́ǹṣì níbẹ̀, ó sunkún. Tèmi ń bi í pé kí ló ṣe é. Ó sáré gòkè lọ bá ìyá rẹ̀, ó dì mọ́ wọn, ó ń sọ pé, "Ẹ ṣé, Mummy, ẹ ṣé gan-an." Ìgbà àkọ́kọ́ tí màá gbọ́ kó pe ìyá rẹ̀ ní "ẹ" nìyẹn. Mummy wò mí láti orí èjìká rẹ̀.

Nígbà tó kúrò níbẹ̀, wọ́n bi mí pé ṣé mo jẹ́ iṣẹ́ àwọn. Mo ní mo jẹ́ ẹ. Wọ́n ní kí ló wá ní.

Mo lè tún un ṣe níbẹ̀ yẹn. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kí n sọ, kò tíì sí ẹni tó di ẹrù, kò tíì sí ẹni tó buwọ́ lu nǹkan kan. Mo sì ní, "Ó ní òun dúpẹ́ gbogbo wàhálà yín lórí òun, ṣùgbọ́n kí ẹ má bínú, òun ò lè dúró."

Mummy ṣa ẹ̀wà wọn tán. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ọmọ ṣáà ni." Wọ́n gbé e kaná, gbogbo wa sì jẹ ẹ́ nírọ̀lẹ́.

A lọ. Ilé tí mo fẹ́ kó dákẹ́, ó dákẹ́ lóòótọ́. Àwọn ará ibẹ̀ ṣe dáadáa sí wa, wọ́n gbé oúnjẹ wá kí wa káàbọ̀, wọ́n bá wa kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n á kí ẹ, wọ́n á rẹ́rìn-ín sí ẹ, wọ́n á padà wọlé, ó parí. Wákàtí méjì ni mò ń wa mọ́tò kí n tó rí iṣu rà, tí mo bá sì délé, ìdajì rẹ̀ ti jẹrà. Kò sí auntie kankan tó máa sọ pé ẹja mi kéré. Tí Tèmi bá lọ sílé ìwé, tí bàbá rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, màá jókòó sẹ́nu fèrèsé, màá wo oko tí wọ́n ti kórè tán, màá rántí ohun tí Mummy sọ nípa àtidágbé. Ó wá yé mi nígbà yẹn. Mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé ó yé mi.

Ìlú yẹn gba Káyọ̀dé ní tiẹ̀. Ó mọ orúkọ àwọn àgbẹ̀, ó mọ orúkọ ajá wọn. Ó ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Mummy lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n wá wo ilé. Lẹ́ẹ̀mejèèjì, Mummy ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. Ní gbogbo Sunday, wọ́n á bára wọn sọ̀rọ̀ òjò àti oúnjẹ lórí fóònù, ó tán. Lọ́jọ́ kan tó gbé fóònù sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ó wá sọ fún mi pé, "Kò tiẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n dúró." Mò ń fọ abọ́ lọ́wọ́. Mo fọ abọ́ yẹn títí.

Ní oṣù kìíní ọdún yìí, Mummy ṣubú nínú ìdáná. Káyọ̀dé ò lè fi kíláàsì sílẹ̀, èmi ni mo wá. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń mú wọn rìn dé ẹnu fèrèsé. Ara ń le díẹ̀díẹ̀, ọpọlọ wọn sì pé ṣáká. Ní Tuesday tó kọjá, mò ń di irun wọn, irun funfun yẹn rọ̀ lọ́wọ́ mi bí òwú, ni wọ́n bá sọ̀rọ̀.

"Ìyàwó mi, mo ti dárí jì í."

Mo bi wọ́n pé ta ni. Wọ́n ní Káyọ̀dé ni. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti kọ ọ̀rọ̀ àwọn ni inú ti ń bí àwọn sí i, pé ẹnu lásán ni àdúrà táwọn ń gbà fún un. Wọ́n ní kì í ṣe ẹsẹ̀ ni kò jẹ́ kí àwọn wá, ilé tó tìtorí ẹ̀ fi ìyá sílẹ̀ ni, báwo làwọn ṣe máa sùn níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn wà nílẹ̀ nínú ìdáná lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì rò ó pé tí àwọn bá kú báyìí, ìbínú sí ọmọ kan ṣoṣo táwọn bí ni àwọn máa gbé lọ. Tó bá dé, wọ́n fẹ́ kó kúnlẹ̀, kí àwọn gbàdúrà fún un látọkàn wá.

"Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ bá mi sọ fún un kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Sọ ọ́ ní Òyìnbó tó dáa, kó yé e pé kò sí nǹkan kan mọ́." Wọ́n wá fọwọ́ kan ọwọ́ mi lórí irun wọn. "O ṣé tó o bá mi jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́sí. Mo mọ̀ pé kò rọrùn fún ẹ."

Mo di irun náà tán. Ọ̀kan nínú ẹ̀ wọ́, ó ṣì wà lórí wọn bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Tí mo bá sọ fún Káyọ̀dé, mi ò mọ̀ bóyá á lè tún gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú mi. Ọkùnrin tó gbàgbọ́ fún ọdún márùn-ún pé ìyá òun ò bìkítà bóyá òun lọ, ṣé ẹ rò pé "má bínú" máa tó o? Tí mo bá sì sọ fún Mummy, èmi náà ni mò ń fún wọn lóògùn, èmi ni wọ́n ń fi èjìká mi tì tí wọ́n bá dìde. Ẹ wo bí ọkàn mi ṣe burú tó: mo ti rò ó pé kí n sọ fún Káyọ̀dé pé Mummy ti ń ṣarán, pé ohunkóhun tí wọ́n bá sọ, kó ṣáà máa dáhùn pé ó ti gbọ́. Irọ́ kẹta nìyẹn, ó sì yá mi lára ju òtítọ́ lọ. Ojú ara mi ń tì mí.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì nínú yín máa ní kí n dákẹ́, pé ìyá ti dárí ji ọmọ, ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ẹni tí wọ́n dárí jì kò ṣẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ ló ń bá wọn di irun.

Thursday la wà yìí. Ọ̀la ni Káyọ̀dé àti Tèmi máa wọkọ̀. Ìdáná ni mo ti ń kọ èyí, lórí tábìlì tí Mummy ti ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti pè mí láti yàrá. Wọ́n tún ti ń pè mí báyìí: "Ìyàwó mi, ṣé o ti bá mi jẹ́ iṣẹ́ yẹn?"

Ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n dá wọn lóhùn?