Omi Tí Mo Fi Wẹ Ajá Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gba èèyàn nímọ̀ràn níbí, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Ìyàwó ilé kan ni mí ní Joga-Orílé. Mo bímọ mẹ́ta, mo sì lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tó máa sọ pé mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gbé mì láti ọdún tí ìjọba ti bọ́dà, kò sì dà nínú mi títí di òní. Nǹkan tó ṣẹlẹ̀ nílé wa ní Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló jẹ́ kí n máa kọ èyí sí yín.

Ọ̀rọ̀ ajá ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jọ̀ọ́.

Ilé bàbá ọkọ mi là ń gbé. Ọdẹ ni Bàbá. Wọ́n ní ajá kan tí wọ́n sọ ní Gbọ́tiẹ, ẹ kúkú mọ bí àwọn àgbà ṣe máa ń fi orúkọ ajá bá aládùúgbò wí. Nígbà tí wọ́n ti bọ́dà, ọkọ mi tó ń fi ọ̀kadà kó ẹrù láti Ìlárá wá di ẹni tó ń jókòó sílé. Oko ẹ̀wà kékeré kan ló kù tó ń ṣe. Gbọ́tiẹ ló bọ́ wa nígbà náà, mi ò ní purọ́. Bí Bàbá bá mú un wọ igbó, wọn kì í bọ̀ lọ́wọ́ òfo. A ó jẹ nínú ọ̀yà tí wọ́n bá pa, èmi á yan èyí tó kù, mà á sì gbé e lọ tà.

Àmọ́ eégbọn fẹ́ pa wá. Kì í ṣe èyí ńlá tó máa ń lẹ̀ mọ́ etí ajá o, èyí wẹẹrẹ tó ń fò ni. Ajá kó o bọ̀ láti igbó, ó kó o ran ológbò, ológbò kó o wá sórí ẹní wa. Ọmọ mi kẹta ò ju ọmọ oṣù mẹ́rin lọ nígbà náà. Bí mo bá tú aṣọ lára rẹ̀ láàárọ̀, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú, á ti pupa. Mo sá ẹní sóòrùn. Mo fi omi gbígbóná fọ gbogbo aṣọ ilé. Mo fi kẹrosíìnì nu ilẹ̀ títí òórùn rẹ̀ fi ń kọ́ wa lọ́fun. Tó bá di ọ̀túnla, wọ́n á tún ti pé.

Tẹ́lẹ̀, àtíkè kan wà tí obìnrin kan máa ń bá wa rà láti òdìkejì bọ́dà, tí wọ́n kọ Faransé sí lára. Bí a bá ti wọ́n ọn sára ajá, ó parí. Bọ́dà wá tì, obìnrin náà ò yọjú mọ́. Ọ̀nà ti Bàbá ni ká se ewé dóńgóyárò, ká fi wẹ ajá, kí èèyàn wá jókòó tì í, kó máa fọwọ́ ṣa eégbọn níkọ̀ọ̀kan sínú kẹrosíìnì. Bàbá lè ṣe é láti àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi òògùn òyìnbó kan ajá ọdẹ, torí imú rẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba tèmi rò. Èmi ò ní sùúrù látilẹ̀. Lọ́jọ́ kan Bàbá lọ kí ẹbí wọn ní Imasayi, ọkọ mi wà lóko. Mo rí eégbọn lórí ìpéǹpéjú ọmọ mi. Orí mi gbóná. Mo lọ mú ike òògùn kòkòrò tí ọkọ mi ń fín sí oko ẹ̀wà. Mo ti máa ń rí i bó ṣe ń pò ó: ìdérí kan sínú omi tó kún táńkì tó ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Èmi da ìdérí méjì sínú garawa kan ṣoṣo. Mo ní kí eégbọn ṣáà kú ná. Mo wẹ Gbọ́tiẹ lẹ́yìn balùwẹ̀, mo fi kànrìnkàn họ inú irun rẹ̀ dáadáa. Ó dúró jẹ́ẹ́ fún mi, ó ń ju ìrù. Ológbò ni mo fẹ́ mú tẹ̀ lé e, ó já mọ́ mi lọ́wọ́, ó gun òrùlé lọ. Ọlọ́gbọ́n ni ológbò yẹn.

Eégbọn kú lóòótọ́. Wọ́n léfòó sórí omi, inú mi sì dùn. Àṣé ajá ti ń lá ara rẹ̀. Kò pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ìfófòó funfun ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo ro epo pupa sí i lẹ́nu. Mo da omi tútù lé e lórí. Mo ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń wò mí. Ó kú síbẹ̀.

Mo fọ garawa nígbà mẹ́ta. Mo dá ike òògùn padà síbi tí mo ti mú un.

Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, bóyá mi ò ní máa da yín láàmú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Bàbá Ràfíù. Aládùúgbò wa ni, oníṣòwò àgbàdo ni wọ́n, àwọn sì ni ládàánì tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa. Wọ́n àti Bàbá ti jẹ́ ọ̀rẹ́ láti kékeré, àwọn méjèèjì ló jọ dá oko àkọ́kọ́. Bó bá di Iléyá, wọ́n á gbé itan àgbò wá fún wa. Bó bá di Kérésì, àwa náà á gbé ìrẹsì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú Gbọ́tiẹ, ajá náà ki ẹnu bọ omi àlùwàlá wọn. Inú bí wọn, wọ́n pariwo síta pé ajá yìí ò ní dọdún. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ìbínú lásán ni, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, àwọn àti Bàbá ti ń fi ṣẹ̀fẹ̀.

Nígbà tí Bàbá dé tí wọ́n bá òkú ajá, wọ́n bi mí pé ibo ló lọ. Ẹnu mi yá ju ọkàn mi lọ.

"Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ràfíù ni mo rí i tó ti ń bọ̀."

Gbólóhùn kan péré. Mi ò ní sọ pé Èṣù ni, èmi ni mo sọ ọ́.

Bàbá ò pariwo. Wọ́n fi ẹ̀wù ọdẹ wọn wé ajá náà, wọ́n sin ín sábẹ́ igi káṣú. Láti ọjọ́ náà, wọn ò wọ igbó ọdẹ mọ́. Àwọn àgbà àdúgbò pe ìpàdé. Bàbá Ràfíù gbé Kùránì lé orí, wọ́n búra níwájú lèmọ́mù pé ọwọ́ àwọn mọ́. Bàbá dìde, wọ́n kúrò níbẹ̀. Nígbà tí Iléyá dé, ẹran wọlé bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá ní kí n gbé e padà. Èmi ni mo ru abọ́ náà lọ. Ìyàwó Bàbá Ràfíù gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ní, "Ẹ ṣé, ìyàwó wa," wọ́n sì wọlé lọ. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ ọ́ lọ́jọ́ náà. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà wọn fún ìgbà díẹ̀. Mo rántí pé bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á kó ẹrù mi jáde. Mo yí padà.

Ọmọ tí mo torí rẹ̀ wẹ ajá ti wà níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ báyìí. Bàbá ti di arúgbó, ẹsẹ̀ wọn wú, wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Dókítà ti sọ fún ọkọ mi pé ká múra ọkàn wa sílẹ̀ de ikú wọn.

Jímọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Bàbá Ràfíù ti mọ́ṣáláṣí wá tààrà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún náà. Mo wà nínú yàrá, mo ń fi omi nu ẹsẹ̀ Bàbá. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n kúnlẹ̀.

"Ọ̀rẹ́ mi, èmi ni mo pa ajá rẹ. Mo jẹ̀bi. Dárí jì mí."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Bàbá ní, "Kí ló dá ẹ dúró tó báyìí?" Ni àwọn méjèèjì bá ń sunkún. Bàbá ní kí n lọ wá oúnjẹ fún àlejò àwọn. Mo tẹ ẹ̀bà, mo gbé e wá fún wọn.

Nígbà tí mo sin Bàbá Ràfíù jáde, wọ́n wò yíká, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, mi ò fọwọ́ kan ajá yẹn rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi ti ń lọ, mi ò sì fẹ́ kó lọ láì bá mi sọ̀rọ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má sọ fún un."

Èmi ni wọ́n ń bẹ̀, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo ní mo ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Bàbá ti ń jẹun. Inú wọn dùn débi pé kò sí àlejò tó wọlé tí wọn ò ní sọ fún pé ọ̀rẹ́ àwọn ti jẹ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé mọ́ṣáláṣí. Wọ́n ní ẹni tó fi Kùránì búra èké kò gbọdọ̀ pe ìrun mọ́. Ohùn ẹlòmíì là ń gbọ́ láàárọ̀ báyìí. Ràfíù fúnra rẹ̀ ti Abẹ́òkúta dé, ó dúró sójú títì, ó ní bàbá òun ti ba orúkọ àwọn jẹ́. Bàbá Ràfíù gbé ọ̀pá wọn, wọ́n tún wá sílé wa.

Bí mo bá sọ ọ́ fún Bàbá, wọ́n á mọ̀ pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n bá yodì ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo sì ń bẹ̀rù pé ìyẹn ló máa pa wọ́n. Bí mi ò bá sọ ọ́, Bàbá Ràfíù tí wọn ò ṣe nǹkan kan á gbé ẹ̀ṣẹ̀ mi wọ sàréè. Ọkọ mi pàápàá ò mọ̀. Ó dá mi lójú pé òun náà lè má fẹ́ rí mi mọ́ bó bá gbọ́, ó sì tọ́ sí mi.

Bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti inú yàrá. Mo ti ṣe tán láti kúnlẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ta nínú wọn ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?