Ojú Ìyá Mi Dà?

Mo ń dúró de fọ́tò mi ní butíìkì ọkùnrin kan tó ń ya fídíò ní Sakété, ni obìnrin ará Yoko kan bá fi ìbínú wọlé.

“Ojú ìyá mi dà? Ìgbà tí wọ́n súre fún mi kẹ́yìn ló wà nínú fídíò tí o yà yìí, bí iyanrìn ni gbogbo rẹ̀ rí!”

“Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n,” ni ayàfídíò wí. “Yàrá yẹn ṣókùnkùn. Kámẹ́rà mi tóbi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Èyí tó bá fẹ̀ ló ń ríran níbi tó ṣú.”

“O mọ̀ bẹ́ẹ̀, o sì dákẹ́? Kámẹ́rà ńlá, ojú bíńtín! À bá gbé màmá jáde sínú oòrùn. Wọ́n ti kú báyìí, ṣé kí n lọ hú wọn ni?”

Ọkùnrin náà tan fídíò náà, ó sì yí ohùn rẹ̀ sókè. Obìnrin náà kẹ̀yìn sí àwòrán, ó ń gbọ́ ìyá rẹ̀, ó sì ń fi ìbínú ṣe àmín.