Ọṣẹ Ẹ́ńjìnnì Ni Mo Fi Wẹ Alága

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn. Àbúrò mi, gbé apẹ̀rẹ̀ yẹn sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ìyá aránṣọ àdúgbò wa ń bọ̀ wá mú Alága, ọmọ ajá wa, lọ sílé wọn, àmọ́ kí wọ́n tó wọlé, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tó ti há mi lọ́fun láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Èmi tẹ́ ẹ ń wò yìí, tí mo máa ń fọ mọ́tò títí tí ẹni tó ni ín á fi máa bi mí pé mọ́tò tòun dà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mi ò bẹ̀rù kìnnìún, ọmọ ajá tí ò tó bàtà mi ló sọ mí di ojo.

Ẹ rántí bí àbúrò mi ṣe ń múra ọmọ ajá yìí sílẹ̀ fún dókítà ẹran. Lójoojúmọ́ ló ń fọwọ́ kàn án létí, á la ẹnu ẹ̀, á dì í lẹ́sẹ̀ mú, á gbé e sórí tábìlì kó lè mọ́ ọn lára, kó má lọ bu dókítà jẹ. Èmi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Tísà, ṣé ìdánwò ni Alága fẹ́ lọ ṣe ni?" Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ fi wá sílẹ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rí abẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ fẹ́ gba ojú wíńdò jáde!" Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó tẹ́ búláòsì ẹ̀ tó ti gbó sínú apẹ̀rẹ̀, kí ajá lè máa gbóòórùn ẹni tó mọ̀. Níjọ́ tá a máa lọ, ó fún un ní mílíìkì díẹ̀, ó ní, "Mò ń lọ sílé ìwé, ẹ gbé e wá, a máa pàdé níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan kan wẹ̀ ẹ́ o." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé ajá tó bá ti wà lọ́wọ́ mi, ọba ni.

Bó ṣe jáde báyìí, Alága lọ yí gbirigbiri nínú èédú tó wà lẹ́yìn kíṣínì. Mo wò ó, mo ní, ajá tèmi? Kí dókítà rí i báyìí, kó ní ọ̀bùn ni wá? Mo da omi sí i, kò mọ́. Ọpọlọ tí mo fi ń yangàn yìí wá rán mi létí ọṣẹ olómi tá a fi ń bó gírísì lára ẹ́ńjìnnì. Màmá, mo fi wẹ̀ ẹ́. Ó ké, mo ní kó pa ẹnu mọ́, pé ọkùnrin ni. Ó ń lá ara ẹ̀. Ká tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, itọ́ ti ń hó lẹ́nu ẹ̀, ó ń gbọ̀n.

Ibi tí mo ti bàjẹ́ jù rèé. Dókítà ní, "Ṣé o fi nǹkan kan wẹ̀ ẹ́ ni?" Àwọn èèyàn kún ibẹ̀, mo sì ti ń ṣakọ fún wọn pé ajá tí mo ti tọ́ ò níye. Mo ní, "Omi lásán ni, dókítà." Ó yíjú sí àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: "Kí ló jẹ?" Ó ní, "Mílíìkì tí mo fún un ni." Dókítà ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ mílíìkì yẹn. Ọmọ náà bú sẹ́kún: "Èmi ni mo fẹ́ pa á!" Mo wá ń fọwọ́ lù ú lẹ́yìn pẹ̀lẹ́, mo ní, "Má sunkún, ìwọ náà ò mọ̀." Ẹ gbọ́ ẹnu burúkú! Láti ọjọ́ náà, kò fọwọ́ kan ajá ẹ̀ mọ́. Ó ní ọwọ́ òun ò dáa, kí ìyá aránṣọ máa mú un lọ. Alága á jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀, ara ẹ̀ ń bó, á máa ké. Àbúrò mi náà á máa sunkún nínú yàrá.

Láàárọ̀ yìí, mo lọ jẹ́wọ́ fún dókítà. Ó wá ní, "Ká ní o sọ lọ́jọ́ náà ni, à bá ti fọ ọṣẹ yẹn kúrò kíá, ara ẹ̀ ì bá má bó. Mílíìkì ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀." Ó ti yí oògùn ẹ̀ padà, ó ní ó máa yè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń ṣakọ bíi tèmi, tẹ́ ẹ bá gbé ohun tí ò lè sọ̀rọ̀ dé iwájú dókítà, ẹ̀yin lẹnu ẹ̀. Ẹ má fi ẹnu yẹn parọ́.

Àbúrò mi, dárí jì mí. Kò sóhun tó ṣe ọwọ́ ẹ. Gbọ́, ìyá aránṣọ ti ń kan ilẹ̀kùn. Tó bá jẹ́ dandan kí wọ́n mú ẹnì kan lọ, kí wọ́n máa mú mi lọ. Mo mọ ilẹ̀ gbá, mo mọ aṣọ fọ̀, mi ò sì ní bu ẹnikẹ́ni jẹ. Àmọ́ Alága ò kúrò nílé yìí.