Àbẹ̀kẹ́ Tó Ń Wo Fèrèsé

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, èmi náà ṣe tíṣà. Títí, ọmọ ọmọ mi, jókòó. Látìgbà tí o ti ti Moniya dé lo ti ń rìn káàkiri pálọ̀ yìí. O ní àwọn ọmọ kíláàsì rẹ kò gbọ́ tìrẹ, o ní o fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbọ́ ọmọ yìí! Ṣé orí rẹ ló ti bẹ̀rẹ̀ ni?

Abúlé kan lẹ́yìn Erunmu ni wọ́n gbé mi lọ. Àwọn ọmọ á ti lọ sóko kí wọ́n tó wá… ẹlòmíì á sùn lórí tábìlì, itọ́ á máa dà. Lónìí, fóònù ni ẹ̀ ń bá jà. Oorun àti ebi ni àwa bá jà. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀, Àbẹ̀kẹ́. Ojú fèrèsé ló máa ń wò látàárọ̀. Bí mo bá pè é, á dìde, á dákẹ́. Ọ̀gá ilé ìwé nà án, nà án… ńṣe ló tún ń dákẹ́ sí i.

Bàbá rẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kan, àdá léjìká. "Tíṣà, ọmọ yìí ò mọ nǹkan kan. Tí a bá wa iṣu tán, màá mú un kúrò, kó lọ máa bá ìyá rẹ̀ yan gààrí."

Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù, bàbá."

"Sùúrù kẹ̀? Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Mo bojú wẹ̀yìn. Ìta ni Àbẹ̀kẹ́ ń wò.

Lọ́jọ́ kejì, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ sójú pátákó pé: "Ewúrẹ́ ní ẹsẹ̀ mẹ́ta." Ni ẹnì kan bá bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà, ta ló gé ìkan tó kù?" Kíláàsì dàrú! Mo ní láti òní lọ, màá máa fi àṣìṣe pamọ́ sínú iṣẹ́. Ẹni tó bá rí i á gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi, á tún un kọ. Háà, Títí! Àwọn olóorun yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ mi bí àṣá ṣe ń ṣọ́ òròmọdìẹ. Àbẹ̀kẹ́ náà yí ọrùn padà. Kò sọ̀rọ̀ o… àmọ́ ọwọ́ mi ló ń wò.

Ìgbà tó yá, alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba dé. Ọ̀gá wa dúró tì wọ́n, ẹgba lábẹ́ abíyá. Mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀ gún régé, n ò fi àṣìṣe kankan pamọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo kọ ọ́ pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mẹ́rìnléláàádọ́ta. N ò mọ̀ pé mo ti ṣì í!

Ohùn kan ta: "Tíṣà, ẹ ti ṣì í! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni!"

Àbẹ̀kẹ́ ni. Ó ti ń bọ̀ níwájú, ó na ọwọ́ fún ṣọ́ọ̀kì.

Ọ̀gá wa gbé ẹgba sókè. "Ọmọ tí ò lẹ́kọ̀ọ́! Níwájú àlejò?"

Mo bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀." Mo fi ṣọ́ọ̀kì lé e lọ́wọ́. Ó nu tèmi, ó kọ tirẹ̀. Alábẹ̀wò ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo pátákó pẹ́, wọ́n ní, "Ó gbà á," wọ́n bá jáde.

Ọ̀gá wa ò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Bí sáà ṣe parí, wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn. Ó dùn mí, kí n má purọ́. Àmọ́ kí n tó palẹ̀ ẹrù mọ́, bàbá Àbẹ̀kẹ́ wá. "Wọ́n ní ọmọ mi tọ́ yín sọ́nà lójú ìjọba?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ̀rín pa wọ́n, wọn ò lè pa á mọ́ra. "Ìyá rẹ̀ á wá ẹlòmíì tí yóò bá a yan gààrí."

Ayé ti yí, Títí… ohun tí àwọn ọmọ tìẹ ń rí lójú fóònù, èmi ò lè bá a dù. Ṣùgbọ́n ọmọ wo ni ò fẹ́ bá àgbà jiyàn kó sì borí? Lọ fún wọn láyè. Má tíì fiṣẹ́ sílẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ajé, wọlé tọ̀ wọ́n lọ, kó o jẹ́ kí ọ̀kan nínú wọn borí rẹ.