Kẹ́míìsì Tí Mo Kọjá Lẹ́ẹ̀mejì ní Venice

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí n gbé òkú ọmọ wálé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ pásítọ̀ wa tó fún mi láyè láti dìde. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń sá fún ẹ̀rí yìí, torí ìtìjú wà nínú rẹ̀.

Púpọ̀ nínú yín mọ̀ mí. Èmi ni mo tẹ́ táìlì tẹ́ ẹ tẹsẹ̀ lé yìí. Láti Ọ̀ṣun ni mo ti wá sí Mowe, ó sì ti lé lọ́dún mẹ́rìnlá. Ẹ máa ń rí Bíbélì ńlá lábíyá mi lọ́jọọjọ́ Sunday, ẹ sì máa ń rí jígí lójú mi. Nígbà ìkórè tó kọjá, tí wọ́n ní kí n wá ka ẹ̀kọ́ kìíní, mo ní ojú ń dùn mí. Irọ́ ni mo pa. Ibafo ni mo ti ra jígí yẹn lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri, kò sí nǹkan kan tó ń ṣe fún ojú. Mi ò mọ̀wé kà. Mi ò lè ka Yorùbá, mi ò lè ka Òyìnbó. Nọ́ńbà nìkan ni mo mọ̀, torí iṣẹ́ mi. Ìyàwó mi mọ̀, ó sì ń bá mi bò ó. Àwọn ọmọ mi ni mi ò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ rárá.

Àbúrò mi obìnrin, Bùnmi, ń gbé ní Ítálì. Òun ló ṣètò físà pé kí èmi àtàwọn ọmọ mi méjì wá lo hólídè lọ́dọ̀ òun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Tọ́pẹ́, Fẹ́mi sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyàwó mi ò lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀yin náà lẹ gbàdúrà fún wa ká tó lọ.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bùnmi mú wa lọ sí Venice, torí kò jìnnà sílé rẹ̀. Ìlú àtayébáyé ni, orí omi ni wọ́n kọ́ ọ sí. Kò sí mọ́tò níbẹ̀, kò sí ọ̀kadà. Ọkọ̀ ojú omi ni bọ́ọ̀sì wọn, bí ẹ ò bá wọ̀ ọ́, ẹsẹ̀ lẹ ó fi rìn. A wọ ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan tó jẹ́ pé òkúta wínníwínní aláràbarà ni wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ń fọwọ́ pa á, àwọn ọmọ ń fi mí rẹ́rìn-ín. Inú wa dùn gan-an.

Nígbà tó di ọ̀sán, Bùnmi gbọ́dọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ó ní ká wọ ọkọ̀ nọ́ńbà kìíní, pé yóò gbé wa dé ẹnu ìlú, níbi tí bọ́ọ̀sì orí ilẹ̀ wà, ọkọ òun á sì wá pàdé wa níbẹ̀. Ó kọ orúkọ ibẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sínú ìwé fún mi. Ó ní kí n ṣáà ka ohun tí wọ́n kọ síwájú ọkọ̀ kí n tó wọ̀ ọ́. Ọmọdé ni Bùnmi nígbà tí mo kúrò nílé, mo sì ti sọ fún un tipẹ́ pé mo ti kàwé àgbà. Mo ní kò sí wàhálà.

Ọkọ̀ dé, mo rí nọ́ńbà kìíní, mo ní ká wọlé. Mi ò mọ̀ pé nọ́ńbà kan náà ni èyí tó ń lọ àtèyí tó ń bọ̀, pé ibi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n kọ síwájú wọn ló yàtọ̀. Tọ́pẹ́ fà mí láṣọ, ó ní ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò bá ìwé wa mu. Ojú tì mí láàárín èrò. Mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹ mọ́ títí a ó fi délé." Ọmọ náà dákẹ́.

Ọkọ̀ gbé wa jáde sí gbangba omi, atẹ́gùn tútù ń fẹ́ lù wá, títí tó fi já gbogbo èrò sílẹ̀ ní erékùṣù míì létí òkun. Ibẹ̀ ni àyà Fẹ́mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ mọ̀ pé ó ní ásímà. Ínhélà rẹ̀ wà nílé Bùnmi. Fóònù mi ti kú, torí fọ́tò tí mò ń yà láti àárọ̀.

Mo gbé e pọ̀n, mo ń sáré lọ lójú títì. Àwọn tí mo bi léèrè ń nawọ́ síwájú, èdè wọn ò yé mi. Mo rí àgbélébùú aláwọ̀ ewé kan tó ń tàn lókè ilẹ̀kùn kan. Mo rò pé ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ẹ dárí jì mí, mo sọ lọ́kàn mi pé dókítà ni mò ń wá báyìí, kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọjá. Mo dé òpin títì, mi ò rí nǹkan kan, mo yí padà, mo tún kọjá níbẹ̀. Tọ́pẹ́ ń tẹ̀ lé mi, ó ń sunkún láìmí gbin.

Nígbà tó yá, mo sọ Fẹ́mi kalẹ̀ láti ẹ̀yìn mi. Mo jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ètè Fẹ́mi ti ń pàwọ̀ dà. Àdúrà mi ò gùn. Mo ní, "Olúwa, má jẹ́ kọ́mọ yìí kú nítorí irọ́ mi." Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, nǹkan kan sọ fún mi pé kí n wo ojú Tọ́pẹ́. Mo wò ó. Mo ní, "Tọ́pẹ́, dárí jì mí. Mi ò mọ̀wé kà. Bá mi wo ohun tí wọ́n kọ sára àwọn ilé yìí."

Ó ní, "Daddy, mo mọ̀ pé ẹ ò lè kà á. Kẹ́míìsì ni ibi tó ní àgbélébùú yẹn, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, ó jọ bí Òyìnbó ṣe ń kọ ọ́. A ti kọjá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní ẹ ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn mi."

A sáré padà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ò bi wá ní ọ̀pọ̀ ìbéèrè. Bó ṣe rí ọmọ náà ló gbé ínhélà jáde, ó fi í sí i lẹ́nu, ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Díẹ̀díẹ̀, èémí Fẹ́mi padà. Nígbà tó yá, ó ní òun fẹ́ jẹ bísíkíìtì. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún obìnrin náà, ó yà á lẹ́nu. Tọ́pẹ́ ka nọ́ńbà inú ìwé wa, ó fi fóònù obìnrin náà pe Bùnmi, ọkọ Bùnmi sì wá kó wa.

Ẹ̀yin ará, ọmọ mi ń wo àbúrò rẹ̀ tó ń jà fún ẹ̀mí, ó sì pa ẹnu mọ́, torí pé ẹ̀rù mi bà á ju ikú lọ. Èmi baba rẹ̀ ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló ti mọ̀. Ó ní láti Primary Two ni, nígbà tí tíṣà kọ lẹ́tà pé kí n wá, pé òun ń fi eré ṣòfò ní kíláàsì. Mo gba lẹ́tà náà, mo wò ó dáadáa, mo sì kí i kú oríire.

Láti ìgbà tí a ti dé, mò ń lọ sọ́dọ̀ tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Ọ̀fàdà, lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday. Mẹ́fà ni wá, èmi ni mo dàgbà jù. Mo ti ń so lẹ́tà mẹ́ta pọ̀. Tọ́pẹ́ ló ń bá mi tún un kọ́ nílé, bí mo bá ṣì í, ó ń sọ fún mi, mi ò sì jágbe.

Mo mọ̀ pé mi ò dá wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí. Èmi tí mo ń tan yín jẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, mo sì máa ń rí àwọn kan tó ń ṣe é bíi tèmi. Mi ò ní dárúkọ. Bí a bá jáde, ẹ rọra wá bá mi. Àyè ṣì wà nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé mi lọ sí Ọ̀fàdà.

Ẹ bá mi yọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pàtẹ́wọ́ fún mi. Ẹ pa á fún Ọlọ́run tó gba ọmọ là lọ́wọ́ ìgbéraga baba rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì bá mi kí ọmọbìnrin tó jókòó ní ìlà kẹta yẹn, tó bo ojú. Òun ni Ọlọ́run rán. Tirẹ̀ ni gbogbo ògo, Bàbá.