Mo Kí Màmá Lórí Kẹ̀kẹ́, Mo sì Ní Agogo Ni Mo Lù

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ bá mi jókòó díẹ̀, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ, ìyàwó mi pàápàá kò tíì gbọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, wọ́n máa mú ìyá àgbà kan lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Etobicoke, ní Toronto níbí, níbi tí kò ti sí ẹnì kankan tó gbọ́ Yorùbá. Ọmọ wọn ní ọpọlọ ìyá òun ti ń dà rú. Irọ́ ni! Ọpọlọ màmá pé ju tèmi lọ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, èmi náà ni mo sì fi irọ́ kan ṣoṣo sọ wọ́n di ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́ lójú ọmọ bíbí inú wọn. Ṣé ènìyàn wá ni mí báyìí?

Ọmọ Èkìtì ni mí. Tíṣà ni bàbá mi, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n sì ń gùn lọ síléèwé títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Àwọn ló kọ́ mi pé a kì í gba ẹ̀gbẹ́ àgbàlagbà kọjá láì kí i. Agogo wà lára kẹ̀kẹ́ náà o, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ àti adìẹ ni bàbá mi ń lù ú fún. Bó bá jẹ́ àgbàlagbà ló wà níwájú, wọ́n á rọra, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrìn o," onítọ̀hún á yíjú padà, á dáhùn, á tún béèrè ará ilé. Nígbà tí mo dé Toronto, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà dè mí mọ́ àga, dókítà sì ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń ru. Ni mo bá ra kẹ̀kẹ́ onítáyà ńlá, irú èyí tí wọ́n fi ń gun òkè, tó ń fo gbòǹgbò igi àti òkúta. Àfonífojì kan wà lẹ́yìn àwọn ilé gíga tí à ń gbé ní Jane and Finch, ó nígbó, ó lódò, òkè ibẹ̀ sì ga ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kò síbi tí ọkàn mi ti ń balẹ̀ nílùú yìí bíi kí n máa já bọ̀ láti orí òkè yẹn, kí atẹ́gùn máa fẹ́ sí mi létí. Ìyàwó mi á ní, "Bàbá Tóbi, ẹ rọra o, ẹ kì í ṣe ọmọ ogún ọdún mọ́." Màá kàn rẹ́rìn-ín ni.

Ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ pàdé ọ̀nà àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n kọ ọ́ sára pátákó níbẹ̀ pé kí oníkẹ̀kẹ́ dẹ eré, kó sì lu agogo. Ibẹ̀ ni Màmá Dúpẹ́ ti máa ń nasẹ̀ láràárọ̀. Auntie Dúpẹ́, ọmọ wọn, nọ́ọ̀sì ni, ìjọ kan náà la jọ ń lọ. Àwọn ló mú màmá wá láti Iléṣà kí wọ́n wá bá wọn tọ́mọ. Àwọn ọmọ ti wá dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dá màmá lóhùn, bí gbogbo wọn bá sì ti jáde tán, á ku màmá nìkan pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n. Ìrìn àárọ̀ yẹn ni gbogbo ayé wọn. Wọ́n á wọ ṣòkòtò òtútù sábẹ́ ìró, wọ́n á máa kí gbogbo ẹni tí wọ́n bá pàdé, àti òyìnbó àti ajá rẹ̀. "Good morning o! Ajá ẹ mà ti sanra o!" Mo ti sọ ìtàn bàbá mi fún wọn, torí náà bí wọ́n bá rí mi, wọ́n á ní, "Ọmọ Tíṣà, má jẹ̀ẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yìí gbé ẹ lọ o."

Àárọ̀ Sátidé kan ni, lásìkò tí ewé ń wọ́. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, ewé tútù sì bo ilẹ̀. Mo ń já bọ̀ láti orí òkè, ó yẹ kí n ti fa bíréèkì, mi ò fà á, eré ń dùn mọ́ mi. Bí mo ṣe yọ sójú ọ̀nà, ẹ̀yìn màmá ni mo rí. Àtàǹpàkò mi wà lórí agogo. Ẹ gbà mí gbọ́, ó wà lórí rẹ̀! Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa lu agogo mọ́ ẹni tó tó ìyá rẹ̀ lẹ́yìn, bí ẹni ń lé adìẹ? Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ káàárọ̀ o, Mà!" Bó bá jẹ́ agogo ni, wọn ì bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe. Ṣùgbọ́n ta la kí tí kò ní wo ẹni tó kí i? Màmá yíjú padà tẹ̀rín-tẹ̀rín, wọ́n bọ́ sáàárín ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ Tíṣà, káàárọ̀ o, ṣé dáadáa…" Wọn ò tíì parí ọ̀rọ̀ tí kẹ̀kẹ́ fi gbá wọn. Bíréèkì tí mo wá fà, orí ewé ló ń yọ̀. Mo gbọ́ bí egungun ìbàdí wọn ṣe dún, mo ṣì ń gbọ́ ọ títí dòní.

Áńbúláǹsì dé, ọlọ́pàá dé. Ọlọ́pàá wo pátákó, ó wo kẹ̀kẹ́ mi, ó ní, "Sir, did you ring your bell?" Ìwé ìgbélùú mi ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba nígbà náà. Mo ro ìyàwó, mo ro ọmọ, mo ní, "Yes, officer. She just stepped in front of me." Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ! Nígbà tí màmá jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, wọ́n sọ fún ọmọ wọn pé, "Ó kí mi ni, mo sì ń dá a lóhùn." Auntie Dúpẹ́ ní, "Mummy, bẹ́ẹ̀lì ló lù. Nobody greeted you." Màmá ní wọ́n kí òun. Ni àwọn dókítà bá yẹ etí màmá wò, etí dá ṣáṣá. Wọ́n wá ní ó ní láti jẹ́ pé ọpọlọ ni. Wọ́n bi màmá léèrè orúkọ olórí ìjọba Kánádà, wọn ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ìyá Iléṣà fẹ́ fi orúkọ ọkùnrin yẹn ṣe? Bí wọ́n ṣe ní màmá ò gbọdọ̀ dá jáde mọ́ nìyẹn, bí ọ̀rọ̀ sì ṣe di ti ilé arúgbó nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí Auntie Dúpẹ́ bá ń sunkún sọ ọ́ fún mi, ń ṣe ni mò ń mi orí.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo gbé èso lọ kí wọn nílé ọmọ wọn. Màmá jókòó sórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọ́n ti rù. Wọ́n di ọwọ́ mi mú níṣojú ọmọ wọn, wọ́n ní, "Ọmọ Tíṣà, torí Ọlọ́run, ṣé o kí mi lọ́jọ́ yẹn, àbí o ò kí mi?" Mo wo Auntie Dúpẹ́, àwọn náà ń wò mí. Ìwé ìgbélùú mi ti jáde lóṣù tó kọjá, kò sí ọlọ́pàá kankan nínú yàrá náà. Ojú ló tì mí. Mo ní, "Agogo ni mo lù, Mà." Màmá tú ọwọ́ mi sílẹ̀. Wọ́n wá ní, "Á à. Wọ́n ti ń sọ ọ́ fún mi, mi ò gbà. Má bínú, ọmọ mi, mo ti ń parọ́ mọ́ ẹ látọjọ́ yìí. Foríjì mí." Màmá tó tó ìyá mi ń bẹ̀ mí, mo sì jókòó níbẹ̀, mo gba ẹ̀bẹ̀ náà!

Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, Ẹtì kò jìnnà mọ́. Bí mo bá sọ òtítọ́, ojú wo ni màá fi wọ ìjọ náà? Bí mi ò bá sì sọ ọ́, màmá yóò kú sí ilé arúgbó yẹn pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé orí òun kò pé mọ́. Ẹ má sọ pé kí n lọ gbàdúrà, mo ti gbà á títí ó sú mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú rẹ̀ rí, ẹ sọ fún mi: bí Auntie Dúpẹ́ bá ṣílẹ̀kùn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?